Ìbéèrè Ọjọ́rú

Aago mẹ́rin gééré lọ́jọ́rú, Olùbẹ̀wò kanlẹ̀kùn télọ̀ àgbà kan. Oṣù mẹ́ta ni obìnrin yìí ti ń wá báyìí. Ìjọ ló yàn án pé kó máa lọ bá àwọn tí kò wá jọ́sìn mọ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ mẹ́sàn-án wà nínú ìwé rẹ̀, ti télọ̀ ló kẹ́yìn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Wọlé, ọmọ mi. Tíì ti ń tutù."

Ife méjì ti wà lórí tábìlì tó fi ń géṣọ. Maṣíìnì rẹ̀ wà ní igun yàrá, aṣọ funfun bò ó. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àga méjì ló wà níbẹ̀, tìmùtìmù ọ̀kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ti èkejì ṣì wú bíi tuntun. Olùbẹ̀wò jókòó sórí èyí tó wú.

"Bàbá, sòkòtò yín tún ti gbó lórúnkún. Télọ̀ bíi tiyín!"

"Ẹni tó ni ín kò tíì wá bá mi jà ni."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ṣí ìwé kékeré kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń kọ sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀.

"N kò bú ẹ̀sìn o," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù mú alága ìjọ, ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà fún un. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀ fún oṣù méje. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọrin fún yín. Ta ló wá?"

Olùbẹ̀wò wo inú ife rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wá, Bàbá. Ẹ̀bi àwa èèyàn nìyẹn, kì í ṣe ti Ọlọ́run."

"Mo gbọ́. Orúkọ ta ló wà lára pátákó ìjọ yín?"

Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Má bínú sí mi," télọ̀ sọ.

"N kò bínú. Òótọ́ lẹ sọ."

"Àwọn tí kò tíì sá kúrò ní ìjọ ńkọ́? Ta ní ń bẹ̀ wọ́n wò?"

"Àwọn yẹn? Ẹni tó sọnù là ń wá, Bàbá. Kí la fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó wà nílé?"

Olùbẹ̀wò ka ẹsẹ̀ Bíbélì kan tó ti há sórí, ó fo gbólóhùn kan. Télọ̀ bá a fi kún un láìwo ìwé.

"Ẹ ṣì rántí!"

"Orí télọ̀ kì í gbàgbé ìwọ̀n."

Olùbẹ̀wò mú bírò jáde. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Òní ni oṣù mẹ́ta pé, Bàbá. Alàgbà ìjọ ní kí n kọ èsì yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ti padà gbà gbọ́, n óò yọ orúkọ yín, n óò sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ní láéláé, wọ́n ní ká fi yín sílẹ̀. Ẹ sọ tinú yín fún mi. Ṣé ẹ gbà pé Ọlọ́run wà?"

Télọ̀ yí ife rẹ̀ po lórí tábìlì. Ọkọ̀ kan fọn fèrè ní títì, ó kọjá lọ. Ó fọwọ́ pa orúnkún sòkòtò rẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan," ó ní níkẹyìn. "Ó gùn díẹ̀. Kò lè tán lónìí."

Olùbẹ̀wò dé bírò rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀.

"Mo máa bẹ Alàgbà kó fún wa láyè. Ọjọ́rú, Bàbá?"

"Ọjọ́rú, ọmọ mi."

Nígbà tí ìró bàtà rẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn, télọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fọ ife méjèèjì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láàárọ̀ lálẹ́ láìfo ọjọ́ kan láti kékeré, ó tọrọ àforíjì, ó sì bẹ Ọlọ́run kó tún fún òun ní ìbéèrè kan tí Olùbẹ̀wò kò ní lè tètè dáhùn.