Ìwé Ọlidé Tí Ọmọ́wùnmí Ń Kà

Kérésìmesì ọdún 1956 ni. Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́wùnmí ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ́n wá sí Ìlobù.

Ó ń ka ìwé ìtàn ọlidé sétí Bàbá wa.

"Ọkùnrin náà la ọmọ odó mọ́ ìyàwó rẹ̀ níkùn. Oyún bàjẹ́."

"Irú ìtàn wo nìyẹn?"

"Ìtàn ẹ̀rín ni, Bàbá. Ó tún fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o lẹ́yìn."

"Kí ló pa ẹni tó kọ ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

"Ọkùnrin náà ní bí ìyàwó bá sọ nílé wọn, òun á bẹ́ ẹ lórí."

Bàbá kì í gbọ́ ẹjọ́ ọkọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ láé. Bàbá ò sì mọ̀wé kà.

Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀, Ọmọ́wùnmí ò tíì ṣí ojú ewé kankan.

Bàbá mú àdá.

"Ọkọ inú ìwé yẹn, ṣé ó wà nílé ní Ìfọ́n báyìí?"