Ààrò Tí Kò Ní Àbùkù

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn tó kẹ́yìn, inú Aláago dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dìde láàárín àwọn àna, ó ní ilé ti wá ku òun àti ìyàwó òun báyìí. Àwọn méjèèjì yóò di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn yóò lọ sùn mọ́jú létí adágún, wọn yóò máa fi igi yan ẹran jẹ bí ọ̀dọ́. Àwọn àna pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Mo ti múra tán." Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́.

Ohun tí Aláago kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé ẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́ ń bà á. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bó bá ń tú inú aago, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò lẹ́bàá kòtò àgbàrá, á yára padà wọlé, á ní òun gbàgbé nǹkan. Ibo sì ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé bí kò ṣe etí adágún?

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló rí. Àwọn tó ń ṣọ́ adágún náà kì í jẹ́ kí èèyàn dáná sórí ilẹ̀. Àfi kí oníkálukú gbé ààrò onírin tirẹ̀ dání. Láìsí ààrò, kò sí ìrìn àjò. Ààrò kì í sì í ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń fi ìkánjú rà.

Ó gba ìsọ̀ Onírin lọ, lẹ́yìn ibùdókọ̀. Onírin jókòó nínú ẹ̀wù kan tó ti já léjìká. Ó gbé ààrò alágbèéká kan kalẹ̀, èyí tó ṣeé ká bí àpótí: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ihò tí wọ́n ń ti igi bọ̀, àwọ̀n irin tí wọ́n ń tẹ́ ẹran sí.

"Bàbá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀."

Aláago yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí àbùkù kankan. Àyà rẹ̀ já. Ó ní òun á lọ rò ó.

Nígbà tó ròyìn nílé, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, dá ẹ̀rọ dúró. "Ìsọ̀ ta lẹ ti rí i?"

"Ti Onírin."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló sọ, ó sì ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Aláago padà lọ, ẹ̀wù tuntun ló wà lọ́rùn Onírin. "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín," ló wí. "Ẹsẹ̀ ààrò yìí ń mì. Ẹran yín á dà sílẹ̀."

Aláago fọwọ́ tì í. Kò mì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọlọ́jà jiyàn lórí ọjà rẹ̀? Ó dúpẹ́, ó sì fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ẹni tó bá rọra kì í ra òkú ọjà." Àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé wà káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀. Lálẹ́, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló bọ́ sínú àwo ọkọ rẹ̀. Aláago jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú. Ó gbà pé ńṣe ni obìnrin náà ń pa ìbànújẹ́ mọ́ra.

Nígbà tó tún lọ, fìlà àti ṣòkòtò Onírin jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ààrò roboto kan ni wọ́n jọ yẹ̀ wò.

"Èyí á ti wúwo jù fún ẹ̀yìn yín, Bàbá. Ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín lásìkò òtútù."

Aláago kò rántí ìgbà tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fún un. Nílé, ó ní, "Olóòótọ́ èèyàn lọkùnrin yẹn."

"Irú wọn ò pọ̀ mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì, ó sì fi eyín já òwú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláago bá ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú ilé. Ó ti na ìjókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ lé àyà, ó dijú.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó bí oorun ibẹ̀ ṣe máa rí ni." Ó mí kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìmí yẹn gún Aláago bí abẹ́rẹ́. Obìnrin yìí ń retí ìrìn àjò, òun sì ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ààrò. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í kúkú ṣe ẹkùn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ìyàwó Onírin ló bá nísọ̀. "Ọkọ mi lọ wọ aṣọ wò, Bàbá. Kí lẹ fẹ́?"

"Ààrò tó ṣeé ká yẹn. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í mì?"

Obìnrin náà tẹ́ ààrò sílẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. "Ṣé ó mì?"

Aláago rà á. Ó ra ìdì igi kan mọ́ ọn, ó kó gbogbo rẹ̀ sí búùtù. Bó ṣe ń wakọ̀ bọ̀ wálé, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

Ní àkókò yẹn gan-an, nínú yàrá iṣẹ́ tó wà níwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní kí Onírin yíjú sí dígí, ó ní, "Ẹ̀wù yìí ló kù nínú àdéhùn wa; bí ọkọ mi bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá mi wá àbùkù mìíràn sí ààrò yẹn lára, torí èmi ò lè bá ọ̀pọ̀lọ́ sùn mọ́jú."