Ooru Tí Abdulmumin Dà Sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Abdulmumin kì í ṣe olè, kì í ṣe òpùrọ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ pé ó bá èèyàn jà rí. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó mọ tara rẹ̀ nìkan. Bí ara bá ti tu òun, ó gbà pé ara ti tu gbogbo ayé nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní Ọjà'ba, ó sì ń gbé yàrá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní agbo ilé wọn ní Beyerúnkà. Ilé àtijọ́ ni, ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí gbogbo yàrá kọjú sí.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni Ìyá Kúlúsúmù máa ń jókòó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Abdulmumin ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà Abdulmumin ló ti ń rán fìlà láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ẹni tó bá ń wọlé á kí i, ẹni tó bá ń jáde á gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló pọn Abdulmumin dàgbà, síbẹ̀ kò pè é lórúkọ rí. "Ọkọ mi" ló ń pè é, bí àwọn ìyàwó ilé ti máa ń pe ọmọ ilé ọkọ wọn.

Nígbà tí ooru ọdún tó kọjá le, Abdulmumin ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ó pe Gbénga, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Mápó, pé kó wá gbé e kọ́. Àpótí méjì ni ẹ̀rọ náà. Gbénga gbé èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kọ́ sára ògiri yàrá. Ó fẹ́ gbé àpótí kejì lọ sẹ́yìn ilé, ni Abdulmumin bá dá a dúró.

"Àwọn olè á yọ ọ́ lọ. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kó o gbé e sí."

"Bọ̀dá Mumin, kò dáa bẹ́ẹ̀. Éésì kì í ṣẹ̀dá òtútù o. Ooru inú yàrá yín ni gáàsì inú páìpù yìí ń gbé jáde, àpótí yìí ló sì máa ń fẹ́ ẹ dànù. Ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ni ooru yẹn ń lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e síta, kẹ́ ẹ wá fi irin ká a mọ́."

"Ṣé yàrá mi ni ooru ọ̀hún máa padà sí?"

"Rárá o, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni."

"Ó parí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ni mò ń sùn sí."

Gbénga mi orí, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kó tó lọ, ó fi rọ́bà tín-ín-rín kan hàn án. "Omi tí ẹ̀rọ bá fà nínú afẹ́fẹ́ á máa gba ibí jáde. Ẹ jẹ́ kí n fà á dé gọ́tà." Abdulmumin ní òun á fà á fúnra òun. Kò fà á. Ẹsẹ̀ ògiri ló fi í sí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ wá wo ìgbádùn! Abdulmumin ń da aṣọ bora nínú oṣù tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòòji kiri. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, àpótí náà ń kùn, ó ń tú ooru sójú Ìyá Kúlúsúmù. Òógùn ń kán sórí fìlà, abẹ́rẹ́ ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé nǹkan yìí kúrò. Mi ò rí èémí mí mọ́."

"Ìyá, ẹ kàn sún síwájú díẹ̀."

Ó sún síwájú, ooru bá a lọ, nítorí kò ríbi gbà jáde lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ náà pàápàá wá ń jókòó sínú ooru tó tú jáde, kò sì lè mú yàrá tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Dípò kí Abdulmumin ronú, ńṣe ló tún yí i sókè sí i. Nígbẹ̀yìn, Ìyá Kúlúsúmù di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Muslimat ọmọ òun ní Yemetu. "Ilé ọkọ mi ni mo rò pé wọn á ti gbé mi jáde," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó nu ojú. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́. Abdulmumin ní tirẹ̀ ní ọ̀hún á tù ú lára, ó bá wọ inú òtútù rẹ̀ lọ.

Omi rọ́bà kò dẹ́kun kíkán. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí ojú rí i, àmọ́ amọ̀ tó wà nínú ògiri ti ń rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí Abdulmumin wà ní mọ́ṣáláṣí, ògiri náà wó lulẹ̀ gbì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó wó lu ibùsùn, ó sì fọ́ ẹ̀rọ náà yángá, ti inú àti ti ìta.

Mogàjí, olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè é.

"Ta ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Gbogbo wa ni, Bàbá."

"O sì lé ẹni tó pọ̀n ọ́ kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàá máa sùn títí tí wàá fi tún ògiri mọ. Éésì kankan kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn mọ́. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ bẹ ìyá ní Yemetu. Kí wọ́n wọ mọ́tò wálé. Ìwọ, wàá fẹsẹ̀ rìn, wàá sì ru ẹrù wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni Abdulmumin ṣe dọ̀bálẹ̀ ní Yemetu, tó sì ru ẹrù gba Bẹẹrẹ kọjá nínú oòrùn ọ̀sán, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó fi délé, aṣọ rẹ̀ ti tutù rinrin fún òógùn. Ìyá Kúlúsúmù ti jókòó sí ààyè rẹ̀. Ó wò ó, ó sì sún láti fún un láyè.

"Ọkọ mi, sọ ẹrù kalẹ̀, kó o wá jókòó. Ooru ti fẹ́ pa ẹ́."

Abdulmumin jókòó, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sí ohun tó burú nínú kí ara tuni, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó burú ni kéèyàn máa kó ìnira tirẹ̀ dà sọ́dọ̀ aládùúgbò, kó wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ibi tí ohun tí a lé jáde nílé wa ń lọ, ká sì máa gbọ́ràn sí ẹni tó mọ iṣẹ́ lẹ́nu. Ìgbádùn tó ń lé àgbà kúrò nílé kò yẹ ọmọlúàbí.