Ẹni Tó Kù Nílé

Olùtọ́jú ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tẹ bọ́tìnì, fọ́ọ̀mù irínwó láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìdì ogún-ogún, kí kọ̀ǹpútà má baà dákú. Òfin tuntun kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: fọ́ọ̀mù tí kò bá ní orúkọ ẹnì kan tó ṣì ń gbé ní Kàbà kò gbọdọ̀ kọjá.

Nínú ìdì àkọ́kọ́, ó rí i pé orúkọ òun ni èèyàn mẹ́ta kọ. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi dé ìdì kẹwàá, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ilé àwọn Ọlọ́runlékè ti wà ní títì pa. Ìyá Títílọpẹ́ ti bá ọmọ lọ sí Abuja. Òun tó ń fèsì sí lẹ́tà wọn nìkan ni wọ́n tún mọ̀ nílé.

Fóònù dún. Mercy, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń pè láti Lọ́kọ́ja; ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbà.

“Okun o. Ṣé gbogbo ẹ̀ ti wọlé?”

“Okun, mà. Ó ku ẹyọ kan. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Ṣé kò ní èèyàn nílé ni?”

“Ìyá ẹ̀ nìkan ló ní. Wọ́n sin màmá náà lóṣù tó kọjá.”

“Éèyà. Àmọ́ a ti jọ fẹnu kò lórí òfin yẹn. Yọ ọ́, jàre.”

“Ó dáa, mà.”

Àmọ́ kò yọ fọ́ọ̀mù náà; ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi í pé ṣé ó dá a lójú.