Ìkíni Aago Méje

Àṣẹ ìlà mẹ́ta péré ni Akínkúnmi kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ n'Íbàdàn: bí aago méje bá ti ń lù láràárọ̀, kí ó bá òun fi ohùn òun kí Màámi ní Ọ̀tùn lórí fóònù. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń kí òbí wọn nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ ò pa ọjọ́ kan jẹ, Màámi náà a sì máa dáhùn. Ọmọ ọ̀hún ń sùn fọnfọn ní tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Màámi fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ òru ló wọ̀ wá. Akínkúnmi fi ojú oorun dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Akínkúnmi tí mo bí kì í jí kí aago mẹ́jọ tó lù,” ni Màámi wí. “Ta ló wá ń kí mi?”

Ilẹ̀ ni Akínkúnmi ṣì wà tí aago méje fi lù. Ẹ̀rọ fi ohùn rẹ̀ kí Màámi, kíá ni ohùn Màámi sì dáhùn nínú fóònù rẹ̀: “A dúpẹ́, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, orí ibùsùn mi ní Ọ̀tùn níbí ni mo ṣì wà.”

Màámi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wúkọ́ díẹ̀.

“Dìde nílẹ̀, ọmọ mi,” ni ó wí. “Kí lo fẹ́ jẹ?”