Ìran Tó Dá Ìrìn Àjò Dúró

Wòlíì kò tíì bọ́ sùtánà lọ́rùn tó fi gbá àgọ́ tuntun tó rà ní Powis Street, ní London, nípàá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n koko.

"Ìyèbíyè! Ṣé lóòótọ́ lo rí i?"

Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kàn su ẹnu pọ̀ ni. Láàárọ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Abbey Wood, ló ṣàdédé gbọ̀n, tó pariwo pé òun rí mọ́tò bàbá òun tó dojú dé lọ́nà Scotland tí àwọn méjèèjì ń múra láti lọ pàgọ́ sí. Ìjọ figbe ta. Olùṣọ́ ìjọ sì ní wọn ò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò náà mọ́.

"Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó fún mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì! Mo ní kí èmi àti ọmọ mi jọ sùn lẹ́bàá odò, ká ríra wa bá sọ̀rọ̀. O wá lọ purọ́ níwájú pẹpẹ!"

"Daddy, ẹ calm down jàre. Ta ló fẹ́ sùn nínú igbó tí ò sí Wi-Fi?"

"Ta ló kọ́ ẹ láti fi Ẹ̀mí Mímọ́ purọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí ẹ ní ẹ rí ikú, pé kí Mummy má lọ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester, ṣebí mo gbọ́ tí ẹ̀yin àti Uncle Gbénró ń rẹ́rìn-ín pé irọ́ lẹ pa."

Nínú kíṣìnì, ìyá Ìyèbíyè ti ẹ̀rọ omi pa.