Oníbèéèrè Tó Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀ Wọn

Nígbà tí ohùn Dáníẹ́lì, agbọ̀rọ̀sọ wọn, há, tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ mọ́, Hamdalah kò rí ẹlòmíràn tó lè gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ àfi Tìmílẹ́yìn.

Hamdalah ló ń darí ìrìnàjò náà. Wọ́n kun ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì ń gbé e kiri Alímọ̀ṣọ́. Wọ́n ń sọ fáwọn aráàlú pé ooru tó ń mú àti omi tó ń ya wọlé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan: kí wọ́n má sun ọ̀rá, kí wọ́n má da ìdọ̀tí sí gọ́tà, kí wọ́n gbin igi síwájú ilé. Tìmílẹ́yìn ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ́fíìsì, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Àmọ́ kò tíì dúró níwájú èrò rí.

Ní Dọ́pẹ̀mú, ó kí àwọn èèyàn, ó ní, "Ooru tó ń mú wa yìí," ó sì dákẹ́. Àwọn mẹkáníìkì tó wá gbọ́rọ̀ ti ń padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà pupa pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ìyá mi ti ń sun pàǹtí kí wọ́n tó bí ẹ! Kí ló ṣe é?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́yìn gbójú sókè.

"Ewé gbígbẹ ni màmá àgbà ń sun nígbà yẹn, sà. Ẹ lọ sun ọ̀rá ní yàrá yín, kẹ́ ẹ wá ròyìn fún wa."

Ẹ̀rín tún sọ. Látorí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

Ní Barúwà, ọkùnrin náà tún wà níbẹ̀. Bí Tìmílẹ́yìn ṣe tún gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ báyìí, ló nawọ́ sókè. "Igi tí gbòǹgbò ẹ̀ máa la ilé mi ni kí n gbìn?"

"Ẹ gbin ọsàn, sà. Kò ní la ilé yín, ẹ ó sì máa rí i mu."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Inú Hamdalah kò dùn sí ọkùnrin náà. Ṣàfíù, awakọ̀ wọn, sọ fún un pé gbogbo ibi tí àwọn bá dé lòun ti ń rí bàbá náà tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

"Ṣé kò ń dà ẹ́ láàmú?" Hamdalah bi Tìmílẹ́yìn.

"Ó ti mọ́ mi lára, mà."

Ní Ìgándò, àwọn tó gbé ìrìnàjò náà kalẹ̀ ń bọ̀ wá fojú ara wọn wò ó. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ibẹ̀ lọkọ̀ náà máa dúró sí. Nínú ọgbà ilé ìwé kan ni wọ́n pàdé. Hamdalah lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. "Bàbá kan tó ń dé fìlà pupa, ẹ má jẹ́ kó wọlé o, ẹ jọ̀ọ́."

Tìmílẹ́yìn gorí ọkọ̀. Ó kí gbogbo ayé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó wo èrò náà láti ọ̀tún dé òsì, ó tún un wò. Àwọn àlejò ń wojú ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni fìlà pupa yọ lórí ògiri. Bàbá náà ti gun bẹ́ńṣì oníbọ̀ọ̀lì tó wà níta.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ èéfín! Ọkọ̀ yín yẹn, ṣé omi ló ń mu ni?"

Ọgbà gba ẹ̀rín kan. Tìmílẹ́yìn gbá máìkì mú.

"Epo ló ń mu, sà! Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi há ara wa mọ́ inú ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà, ẹ dín jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ máa ń tàn wo bọ́ọ̀lù kù, jàre!"

Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tán, àwọn àlejò ti dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn sọ fún Hamdalah pé kó máa múra Àgbàdo sílẹ̀, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró.

Hamdalah wá gba ẹnu géètì lọ láti lọ yanjú ọ̀rọ̀ bàbá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n Tìmílẹ́yìn ti sáré kọjá rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú bẹ́ńṣì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú: "Dádì mi, mo ti rò pé ẹ ò ní wá."